Ṣé iṣẹ́ tíṣà máa pa ohùn mi? Ìdáhùn fún sopráánò kan l'Ábẹ́òkúta

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 24 ni, sopráánò ni, ìyẹn ohùn obìnrin tó máa ń gòkè jù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí dípúlómà orin, ó sì ń kọ́ ọmọ mẹ́rin lórin nílé. Ilé-ìwé kan wá fi iṣẹ́ tíṣà orin lọ̀ ọ́, Monday sí Friday. Màmá ẹ̀ ní kó tètè gbà á kí ẹlòmíì tó gbà á, àmọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ lórin ní tó bá fi lè wọ iṣẹ́ tíṣà báyìí, kó yáa gbàgbé òpérà. Ó wá ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Ṣé iṣẹ́ tíṣà ò ní pa ohùn mi?"

Àbúrò mi, gba iṣẹ́ yẹn, àmọ́ má gba ọjọ́ márààrún. Ìdáhùn mi nìyẹn, àlàyé ẹ̀ ni gbogbo nnkan tí màá sọ lẹ́yìn èyí. Iṣẹ́ tíṣà kì í pa ohùn. Kí tíṣà máa fi ọ̀fun tiẹ̀ kọ orin tó yẹ kí ọmọ kọ, ìyẹn ló ń pa á, ara mi ni mo sì ti kọ́ ọ.

Lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, ilé-ìwé kan l'Ékòó gbà mí, mi ò ní dárúkọ wọn. Lọ́jọ́ Thursday nìkan, ọmọ mẹ́sàn-án ni mo máa ń rí, ìdajì wákàtì, ìdajì wákàtì. Tí ọmọ bá kọ ọ́ tí ò dáa, màá lanu, màá kọ ọ́ fún un, "Báyìí ni, gbọ́ mi dáadáa." Òun náà á tún un kọ, kò ní dáa, màá tún lanu. Sopráánò o, áltò o, ọmọkùnrin tí ohùn ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já o, gbogbo wọn ni mò ń kọ tiwọn fún, nínú yàrá tí AC ti ń fẹ́ láti àárọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ sì ń hó lẹ́yìn fèrèsé, tó jẹ́ pé kéèyàn tó lè sọ "jókòó" lásán á kọ́kọ́ pariwo. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ màá sáré lọ sí rìhásà. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ kọ́ńsáàtì, mo gun B flat, nóòtì òkè kan tí mo ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́, ibi tí ohùn ti yẹ kó jáde, afẹ́fẹ́ ló jáde, fííí, bíi táyà tó ń jò. Mo parí orin yẹn, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n mo dé ẹ̀yìn sítéèjì mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú mi wọlé, ó fi tán-án-ná mi, awẹ́ méjì inú gògóńgò tó ń mú ohùn jáde, hàn mí lójú tẹlifíṣọ̀n, etí wọn méjèèjì pọ́n bí ojú ẹni tí ò sùn, wọ́n sì wú díẹ̀ láàárín gbùngbùn níbi tí wọ́n ti ń pàdé. Ó ní kò tíì di kókó, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ ló wà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dákẹ́, bírò àti ìwé ni mo fi ń bá àwọn ará ilé mi sọ̀rọ̀.

Kó o lè mọ̀ pé kì í ṣe pé ohùn mi ò lágbára, wo nnkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gògóńgò. Tán-án-ná méjèèjì tó wà níbẹ̀, ti obìnrin ò gùn tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Èémí tó ń bọ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣí wọn, wọ́n á tún pa dé, wọ́n á tún ṣí. Nóòtì A tí òkẹ́sítírà fi ń tún irinṣẹ́ wọn ṣe kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà 440 ni wọ́n ń pàdé nínú sẹ́kọ́ǹdù kan. Tó o bá di nóòtì yẹn mú fún mínítì kan, ó ti di ìgbà 26,400. C òkè tí gbogbo ẹ̀yin sopráánò ń lé kiri yẹn ju 1,000 lọ nínú sẹ́kọ́ǹdù kan. Wá fi ìyẹn ṣírò ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹran ara ni, ẹran ara tó bá ń lu ara wọn tó báyẹn láìsinmi á wú.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, mo pa ẹnu dé, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí àti ojú kọ́ni. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó di tíṣà. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì ni, tó máa ń wá lẹ́yìn iṣẹ́. Ohùn ẹ̀ rẹwà nísàlẹ̀, àmọ́ tó bá ti fẹ́ gòkè báyìí, àgbọ̀n ẹ̀ á yọ síwájú, iṣan méjì á dìde lọ́rùn ẹ̀, ahọ́n ẹ̀ á sún sẹ́yìn lọ dí i lọ́fun, ohùn yẹn á wá há. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni ǹ bá kọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹwàá. Lọ́jọ́ yẹn mo bu omi sí ife dé ìdajì, mo ki straw bọ̀ ọ́, mo ní kó máa fi ohùn fẹ́ ẹ, "ùùù", kó bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ kó máa yọ́ gòkè díẹ̀díẹ̀, omi ò gbọdọ̀ dákẹ́, kò sì gbọdọ̀ ta sílẹ̀. Wọ́rọ́wọ́rọ́ ni omi ń hó. Afẹ́fẹ́ tí straw ń dá padà ló ń ran tán-án-ná lọ́wọ́, wọ́n á máa pàdé wẹ́rẹ́ láìgbá ara wọn, àgbọ̀n ò sì ríṣẹ́ ṣe nítorí ètè ti di straw mú. Lẹ́yìn bíi mínítì márùn-ún mo gba straw lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó kọ ibi tó ti ń há yẹn lórí "ọ", kó má kọ ọ́ lórí "o". Ó kọ ọ́, ó lọ geere, ó sì fọwọ́ bo ẹnu ara ẹ̀. Mi ò kọ nóòtì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo dúró níwájú dígí, mo kọ B flat mi tó já nígbà yẹn, mo wá rí i pé àgbọ̀n èmi náà ń yọ síwájú. Mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó, mi ò mọ̀. Ara ẹlòmíì ni mo ti rí tèmi. Maria Callas, gbajúmọ̀ sopráánò òpérà nì, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Elvira de Hidalgo ní Athens, kì í gba lẹ́sìn tiẹ̀ kó kúrò níbẹ̀, àárọ̀ ló ti máa ń dé, á jókòó títí wọ́n á fi parí, á máa gbọ́ lẹ́sìn gbogbo àwọn tó kù. De Hidalgo fúnra ẹ̀ akọrin òpérà ni, ará Sípéènì. Tíṣà tó bá ń fetí sílẹ̀ dáadáa, ohun tí Callas ń ṣe yẹn ló ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n tún wá ń sanwó fún un.

Àwọn tó ń sọ pé ẹni tí ò lè kọrin mọ́ ló ń kọ́ni, wọ́n máa ń mú Manuel García fi ṣàpẹẹrẹ. Òótọ́ ni pé ohùn ẹ̀ bàjẹ́. Ó ti bá bàbá ẹ̀ kọrin òpérà dé New York lọ́dún 1825, ọmọ ogún ọdún ni nígbà yẹn, àmọ́ kò pẹ́ tó fi kúrò lórí sítéèjì tó sì di tíṣà ní Paris. Wo nnkan tó wá fi iṣẹ́ tíṣà ṣe. Lọ́dún 1841 akọrin kan tó ń jẹ́ Jenny Lind wá bá a láti Sweden, ọmọ ọdún 20, ohùn ẹ̀ ti rẹ̀ tán. García ò kọ́ ọ ní nnkan kan. Ó ní kó lọ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ná, kó má kọrin, kó má fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, kó tó padà wá. Nígbà tó padà wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ọmọbìnrin yẹn sì di ẹni tí gbogbo Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sáré lọ gbọ́. Lọ́dún 1854 García yìí kan náà mú dígí kékeré tí àwọn dókítà eyín ń lò, ó tì í bọ ọ̀nà ọ̀fun ara ẹ̀, ó fi dígí mìíràn darí oòrùn sí i, ó sì rí tán-án-ná tiẹ̀ níbi tó ti ń kọrin. Dókítà tó wo ọ̀fun mi yẹn, ọ̀nà tí tíṣà orin yìí là ló ń tọ̀. Ọdún 101 ló lò láyé. Pauline Viardot, àbúrò ẹ̀ obìnrin, ọ̀gá lórí sítéèjì ni títí di 1863, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni lẹ́yìn ẹ̀.

Àmọ́ ẹni tí mo fẹ́ kó o lọ kà nípa ẹ̀ ni George Shirley. Aláwọ̀ dúdú ni, ní Detroit ló dàgbà sí, iṣẹ́ tíṣà ló sì fi bẹ̀rẹ̀, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti máa kọ́ orin ní àwọn ilé-ìwé girama ìjọba ìlú yẹn. Kò ní òpérà lọ́kàn rárá. Wọ́n mú un wọ ṣọ́jà, ó bọ́ sínú kwáyà àwọn ṣọ́jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ̀ ọ́ pé ohùn tó ní yìí, òpérà ló yẹ kó fi ṣe. Lọ́dún 1961 ó borí nínú ìdíje Metropolitan Opera, ọdún yẹn náà ló dúró lórí sítéèjì wọn ní New York, tẹ́nọ̀ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọ ipa pàtàkì níbẹ̀, ọdún 11 ló sì fi wà pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí kíkọ́ni, ó kọ́kọ́ wà ní Yunifásítì Maryland, ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Michigan lọ́dún 1987. Tíṣà, akọrin, tíṣà. Tó bá jẹ́ pé kíkọ́ni ń ti ilẹ̀kùn òpérà ni, ọkùnrin yìí ò bá má dé New York.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, torí màmá ẹ ò jẹ̀bi. Èmi ò mọ ìdí tí wọn ò fi ń sọ ọ́ fún yín nílé-ìwé. Ẹni tó ń kọ òpérà láyè ara ẹ̀ lókè òkun, iye alẹ́ tó bá kọrin ni wọ́n sábà máa ń sanwó ẹ̀. Rìhásà lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, òun lá máa bọ́ ara ẹ̀ á sì máa san owó ilé tó ń sùn níbẹ̀, tí ọ̀fìnkìn bá mú un lálẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó kọrin, owó alẹ́ ọjọ́ yẹn lè lọ bẹ́ẹ̀. Èjẹ́ǹtì tó ń bá a wáṣẹ́ náà á mú tiẹ̀, bíi 10 nínú 100, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jámánì ló yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n ní bíi 80 ilé òpérà tí owó ìjọba ń gbé ró, wọ́n sì máa ń gba akọrin síṣẹ́ olówó oṣù. Níbẹ̀ náà, tí October bá ti ń parí lọ, ọkàn akọrin kì í balẹ̀, torí kí October 31 tó kọjá ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún un tí wọn ò bá ní tún kóńtíráàtì ẹ̀ ṣe fún sáà tó ń bọ̀. Ní 2020 tí kòrónà dé, Metropolitan ti ilẹ̀kùn ní March, wọn ò tún ṣe òpérà níbẹ̀ títí di September 2021, ọ̀pọ̀ oṣù làwọn kwáyà àti òkẹ́sítírà wọn fi wà láìgba owó oṣù. Ilé òpérà tó tóbi tó yẹn o. Àwọn tó ń kọ́ni lára wa, orí fóònù la ti ń kọ́ni nígbà yẹn, a sì rí oúnjẹ jẹ. Nílé wa ńbí kò sí ilé òpérà tó ń san owó oṣù fún akọrin. A ní MUSON, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ orin, l'Óníkan l'Ékòó, a ní kwáyà ńláńlá bíi ti Cathedral ní Marina níbi tí Thomas Ekundayo Phillips ti jẹ́ ọ̀gá orin láti 1914 sí 1962, ibẹ̀ lèèyàn ti ń dàgbà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gbẹ́kẹ̀ lé e láti san rẹ́ǹtì. Owó àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ló gbé mi lọ sí ọ́díṣọ̀n àkọ́kọ́ mi lókè òkun, fíìsà àti tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ilé òpérà kankan tó fún mi.

Àti pé ọdún 24 kéré fún sopráánò. Ohùn tó bá wúwo kì í sábà gbó kó tó lé lọ́gbọ̀n ọdún dáadáa. Tí ẹnikẹ́ni bá gbé orin Tosca tàbí Aida, àwọn òpérà tó ń fẹ́ ohùn tó ti gbó, fún ẹ báyìí, dá a padà fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Máa kọ Mozart, máa kọ àwọn orin Italian àtijọ́ kéékèèké yẹn. O ní bíi ọdún mẹ́fà tó o máa fi dàgbà, kò sóhun tó burú tó o bá fi kọ́ni nínú ẹ̀.

Nnkan kan tún wà tó máa jẹ́ kó o dára nídìí kíkọ́ni ju bó o ṣe rò lọ, Yorùbá tó wà lẹ́nu ẹ ni. Fáwẹ̀lì méje tá a ní, a, e, ẹ, i, o, ọ, u, àwọn méje yẹn náà ló wà nínú Italian. Àwọn Òyìnbó tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi owó gidi kọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín e àti ẹ, ọmọ wa tó wà ní prámárì kìn-ín-ní ti mọ̀ ọ́n. *Amore*, "o" ni. *Cuore*, "ọ" ni. *Sera*, "e" ni, *bello*, "ẹ" ni. Mi ò kì í ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn ọmọ mi ju báyẹn lọ, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé orin wọn pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, ó parí. Ibi tí wàhálà wa wà ni kọ́ńsónáǹtì. A ò ní èyí tó pé méjì, nítorí náà *bello* á di "bẹlo" lẹ́nu wa, a gbọdọ̀ dúró lórí l yẹn kó pẹ́ díẹ̀. P wa náà wúwo, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n la jọ fi ń pè é, tó o bá kọ *pace* pẹ̀lú p tó wà nínú "pápá", àwọn tó gbọ́ èdè yẹn á mọ̀ kíá. Ètè nìkan ni kó o lò. Ti Jámánì tí ọ̀rọ̀ ń fi kọ́ńsónáǹtì méjì mẹ́ta parí yẹn ń fẹ́ sùúrù, àwọn ọmọ á ṣáà fẹ́ fi "i" sí i nídìí.

Má sì jẹ́ kí wọ́n máa jagun pẹ̀lú ohùn. Ọ̀pọ̀ wọn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi tí kíbọ́ọ̀dù àti dúrọ́ọ̀mù ti bo gbogbo ilẹ̀, wọ́n rò pé agbára lẹni tó ń kọ òpérà láìsí máíkì ń lò. Sọ ọ̀rọ̀ agogo fún wọn. Nínú agbo ìlù, dùndún lè pé mẹ́wàá, agogo kan ṣoṣo á là á já torí pé òkè, níbi tí ìlù ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ni ohùn tiẹ̀ wà. Agbára òkẹ́sítírà pọ̀ jù nísàlẹ̀, ohùn akọrin tí wọ́n kọ́ dáadáa ní ìdún kan tó ń tàn lókè, ní bíi ìgbà 3,000 nínú sẹ́kọ́ǹdù kan, etí sì ń gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Lára ọkùnrin àti obìnrin tí ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀ nìyẹn ti máa ń hàn jù, ìwọ sopráánò, tó o bá ti gòkè gan-an, bí àgbọ̀n ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tí ẹnu ẹ sì ń là sí i ló ń ṣe é fún ẹ.

Nípa orógbó, torí mo mọ̀ pé wọ́n á bi ẹ́, èmi náà ń jẹ ẹ́, ó ń jẹ́ kí itọ́ wà lẹ́nu. Àmọ́ nnkan téèyàn gbé mì kì í kan tán-án-ná, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, tó bá kàn án ikọ́ lèèyàn á máa hú. Omi lo máa mu láti àárọ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọmọ tí ohùn ẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà ni kó o ní kí wọ́n gbé e lọ, má gbìyànjú láti fi orin wò ó sàn.

Má ṣe bá ọ̀gá ẹ jà. Òun ló máa gbọ́ ohùn ẹ lóṣooṣù, má fi i sílẹ̀ torí pé ìwọ náà ti di tíṣà, torí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohùn ara ẹ̀ bó ṣe rí létí ẹlòmíì. Bóyá òun náà ti rí ẹni tó rí bíi tèmi yẹn, ẹ̀rù ló ń bà á fún ẹ.

Tó o bá dé ọ̀dọ̀ prínsípà, sọ pé ọjọ́ mẹ́ta lo fẹ́, Monday, Tuesday àti Thursday, ọmọ tí ò ju márùn-ún lọ lójúmọ́ fún lẹ́sìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún ẹ ní yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì fún ẹ ní máíkì kékeré fún kíláàsì tó bá pọ̀. Aago méje àárọ̀, kí ọmọ kankan tó dé, kọ tìẹ fún ogójì mínítì, nígbà tí ohùn ò tíì rẹ̀. Ọjọ́ tó ṣáájú kọ́ńsáàtì, má kọ́ ẹnikẹ́ni, jẹ́ kó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ bá jọ fọwọ́ sí. Tí wọ́n bá ní ọjọ́ márùn-ún làwọn fẹ́ tàbí kó o máa lọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó o padà sílé lọ wá ọmọ mẹ́rin kún mẹ́rin tó o ní.